Adágún tó dorí kodò lábẹ́ aṣọ dúdú yín

Bàbá mi àtàtà, oníkámẹ́rà àdúgbò Moshie Zongo ní Kùmásì,

Ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà, kí ẹ gbọ́ ìròyìn. Ọmọ yín ti gbé kámẹ́rà onípátákó yín lọ sí adágún Bosomtwe, gbogbo Kùmásì ló sì tú jáde wá wò mí.

Ó dáa, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe gbogbo Kùmásì. Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ èrò tírótìrò tó gbé mi lọ ni, àti ewúrẹ́ méjì. Ọ̀kan nínú àwọn ewúrẹ́ náà kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

Kámẹ́rà yín ṣì wúwo bí àna tí kò fẹ́ lọ sílé. Mo gbé e ka orí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ le ju tèmi lọ. Dẹ́rẹ́bà pè mí bí wọ́n ṣe ń pe àgbà, ó ní, "Nana, ẹ yà mí!" Mo ní ojú rẹ̀ á fọ́ gíláàsì bàbá mi, omi ni mo wá yà. Ó wò mí bí ẹni tí oòrùn ti pa.

Ẹ rántí bí àwọn ará Zongo náà ṣe ń wò yín? Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, alhaji tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé, ẹ̀yin lẹ ń yà wọ́n. Ṣùgbọ́n adágún yẹn ló wà lọ́kàn yín, láàárọ̀, kí ó má sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Wọ́n ní ta ni yóò sanwó àwòrán omi tí kò wọ agbádá. Ẹ̀yin náà á ní, ó di lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, títí ojú yín fi ṣú, tí ẹ sì fi papòdà. Kí ló dé tí ẹ kò lọ, Bàbá? Ṣé oúnjẹ àwa ọmọ ló pọ̀ jù ni?

Ọmọ mi obìnrin ló wá fíìmù kámẹ́rà yín rán sí mi láti Accra, èyí tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Mo wọ inú òkùnkùn, mo ń fi ìka wá ibi tí wọ́n gé wọnú létí rẹ̀, kí n lè mọ ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ẹ̀yin a máa rí i kí ènìyàn tó sín tán. Ní tèmi, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn ni mo ń bà jẹ́ nílé níbi tí mo ti ń dán an wò, títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo.

Ẹyọ kan yẹn ni mo gbé lọ. Mo ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú yín tó bo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni débẹ̀, àbí ẹ ti gbàgbé? Bí mo bá yọjú, ẹsẹ̀ yín a ta mí nù láìwẹ̀yìn, ẹ kò sì ní dákẹ́ orin tí ẹ ń kùn lábẹ́ ibẹ̀. Ṣé báyìí ló ṣe máa ń rí lójú yín? Nínú gíláàsì kámẹ́rà, òkè wà nísàlẹ̀, omi wà lókè, apẹja kan ń fọwọ́ wa pákó tó jókòó lé kọjá lójú ọ̀run. Mo dúró kí ó kọjá, bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Ó kọjá. Omi parọ́rọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Mo ti sọ fún wọn nílé pé ìmọ́lẹ̀ ló ba fíìmù jẹ́. Ẹ̀yin ni n kò lè purọ́ fún, ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́. Òórùn obì yín àti tùràrí yín ṣì wà nínú aṣọ náà, Bàbá. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti tẹ kámẹ́rà, iṣẹ́ parí nìyẹn, mo ní láti jáde kúrò lábẹ́ aṣọ yín. Mo dúró síbẹ̀ títí atẹ́gùn fi dé, tí omi ń mì, tí àwọn obìnrin gbé aṣọ fífọ̀ wá sí etí omi. N kò ya nǹkan kan.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń ta nípàá, tó ráyè wọlé tọ̀ yín wá níkẹyìn.