Oríkì Tí Mo Dá Mọ́ Yín Lẹ́nu

Ìyá mi àtàtà,

Ilé mi ní Àgùdà ni mo ti ń kọ èyí. Àwọn ọkọ̀ akóyanrìn tó ń lọ síbi ilé tíátà ńlá tí wọ́n ń kọ́ ní Ìgànmú ń mi fèrèsé mi látàárọ̀. Ọjọ́ ti lọ lórí mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, orúnkún sì máa ń ro mí bí òjò bá ṣú, bí ó ti máa ń ro yín. Èmi náà ti ń fi òrí pa á báyìí.

Àṣàkẹ́, ọmọ Délé àkọ́bí mi, máa ń wá sọ́dọ̀ mi láti Múṣín ní gbogbo Sátidé. Ó wà ní fọ́ọ̀mù fáìfù. Ìwé ìtàn kan tí òyìnbó kọ láyé àtijọ́ ni wọ́n yàn fún ìdánwò wọn, a sì jọ ń kà á. Mo fi hàn án pé bí òǹkọ̀wé náà bá pe ènìyàn ní nice, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń yìn ín. Nígbà mìíràn, ẹni tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn ló ń bá wí. Kí ọ̀rọ̀ náà tó débẹ̀, aláìmọ̀kan ni ìtumọ̀ rẹ̀, láti inú èdè Látìn. Silly tí wọ́n fi ń bú ara wọn ní kíláàsì ńkọ́? Alábùkún ni ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà kan rí.

"Háà, Bàbá àgbà! Alábùkún mà pọ̀ ní kíláàsì wa o!"

A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló gbé bírò sílẹ̀.

"Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òyìnbó ti ṣẹ̀ wá. Èmi náà ńkọ́? Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Kí ni ìyókù oríkì mi?"

Ìyá, n kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí ẹ wá wẹ Délé fún wa ní Yábàá, ẹ ń kì í láràárọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn ni mo sọ fún yín pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a fẹ́ kí ó máa gbọ́. Mo ń bẹ̀rù kí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi má pè wá ní ará oko. Ẹ kò bá mi jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dúró ti ibùsùn ọmọ, ẹ ní, "Gúdù mọ́nìn." Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ló wà lọ́kàn yín? Ṣé ẹ sunkún nígbà tí a jáde? Kò pẹ́ tí ẹ fi ní ẹ ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì gbé àpótí yín sínú ọkọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú Àṣàkẹ́ lọ bá orogún yín kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ara rẹ̀ ṣì le, ẹnu rẹ̀ sì ṣì mú.

"Tíṣà! Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ti tán lọ́jà ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká jókòó sórí ẹní. Ó ki Àṣàkẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń sọ ogun tó gbé wa kúrò níbì kan àti odò tí a dó tì, ọmọ náà sì ń tẹ̀ lé e títí ó fi mọ̀ ọ́n. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kì mí.

"Ti ìdílé ni mo mọ̀. Èyí tí ìyá rẹ fúnra rẹ̀ tò fún ọ, inú yàrá ló ti ń kì ọ́. A kì í gbọ́ ọ níta."

Ọwọ́ yín lẹ́yìn mi ni mo rántí, àti ohùn yín. N kò rántí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Àṣàkẹ́ sùn níbí lánàá. Láàárọ̀ yìí, mo dúró tì í, mo kì í. Mo ṣi ibì kan kì; ó tún un ṣe fún mi láìla ojú, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Tirẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tèmi ti bá yín lọ. Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ títí n ó fi dé.

Lórí ìdọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú ìfẹ́,
Ọmọ yín ọkùnrin.