Òòfà Ara Fíríìjì Wa

Bàbá Ilaria,

Ẹ má bínú pé ìyẹ̀fun pípò ni mo fi lẹ ìwé yìí mọ́ fíríìjì. Mo mú òòfà lọ sí abà Màmá Argia láàárọ̀ yìí. Mọ́tò ìsáré àtijọ́ ibẹ̀ tí ẹ ń pè ní ayédèrú yẹn, òòfà ò lẹ̀ mọ́ ọn rárá! Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé alumíníọ̀mù ni ara ojúlówó, kì í gba òòfà, pé irin ni ti ayédèrú. Mo fò sókè bí ọmọdé, adìẹ tó ń sàba nínú rẹ̀ náà fò. Màmá ní, "Ẹ wá gbé e, kí n ráyè kó koríko sí."

Mo ti padà lọ jókòó sínú rẹ̀, kí Gualtiero ọ̀rẹ́ yín má baà gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ wọ́ tírélà bọ̀ kíá. Oúnjẹ yín, tortellini, wà nínú ìkòkò.

Òòfà ńkọ́? Ó wà lára ilẹ̀kùn mọ́tò ìsáré tiwa, èyí tí ẹ fi ń yangàn pé ojúlówó ni. Mo kàn ní kí n dán an wò ni. Mo fà á títí, kò kúrò.