Imú bàkásù Àlàájì

Túsìdeè, ìrọ̀lẹ́

Èmi Ojú-Ìwọ̀n! Èmi náà ni mo sọ ara mi lórúkọ yẹn ṣá.

Orí jáàkì ni píkọ́ọ̀pù Àlàájì ẹlẹ́ran Oko Ọba wà tí mo fi jó bàkásù ẹ̀, irin tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mọ́ sípíríǹgì. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ wẹ́dà ní, "Jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ dúró kó o tó wọn imú ẹ̀." Mo ní, "Ọ̀gá, ojú mi ti wọ̀n ọ́n!"

Nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, imú bàkásù ń wo òkè. Mo ní kò ṣe nǹkan. Mo wọnú mọ́tò, mo tan án, mo tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀ báyìí, pùròpẹ́là, irin gígùn tó ti ìdí ẹ́ńjìnnì wá so mọ́ imú yẹn, já, ó lu ilẹ̀ mọ́tò wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi.

Ọ̀gá ò bú mi. Wọ́n wo ihò yẹn títí, wọ́n ní, "Ka ẹsẹ̀ ẹ wò, ṣó pé?"

Ó pé. Mo ti délé, mo ṣì ń kà á.