Pẹ́pẹ́yẹ Inú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹwàá
Ìṣirò parí! Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ́pẹ́yẹ igbó lórí adágún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni lọ́dún tó kọjá. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ kọ̀ǹpútà yìí bí ẹni ń kọ́ ọmọ — òjò, ooru, ọjọ́ tí ẹyẹ dé, ọjọ́ tí wọ́n lọ — kó lè sọ iye tí àwọn ọdẹ lè pa tí ẹyẹ ò fi ní tán. Ọ̀gá ọ́fíìsì wa tó ń bójú tó ẹran igbó dúró sẹ́yìn àga mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó-Dọ̀la ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí kò sí ohun tí kì í sún síwájú. Tòní kọ́. Kí n tó mu tíì mi tán, ó ti fọwọ́ sí i: ọdẹ kọ̀ọ̀kan lè pa mẹ́rin lóòjọ́, dípò méjì. Inú mi dùn dé ibi tí kò yẹ.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ooru. Òjò ò tíì rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo lọ kí Bàámi. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló ń bá wa ka ẹyẹ adágún ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Mo ní ká jọ rìn dé etí omi. Ó wò mí. "Omi wo?" A débẹ̀. Ilẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán, ewúrẹ́ ń jẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Ó ti tó oṣù méjì, ó ní.

Mo ní, Bàámi, kí ló dé tẹ́ ò kọ ọ́ ránṣẹ́? Ọ̀rọ̀ mi yà á lẹ́nu. Ó ní nígbà tí ọjọ́ kíkà pé, òun mú fọ́ọ̀mù lọ, òun ò rí ẹyẹ kankan, òun mú un padà sílé. "Ta ní í kọ̀wé lórí ohun tí kò sí?"



Ọjọ́ Ajé, 10
Èmi ni. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é. Èmi ni mo kọ́ kọ̀ǹpútà pé bí fọ́ọ̀mù adágún kan ò bá dé, kó fi iye tó máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dí àyè rẹ̀. Mo ti rò pé ọ̀lẹ ni kì í jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Mo pe ẹni tó ń ka adágún kejì — adágún ọ̀hún náà ti gbẹ, kò sì kọ nǹkan kan. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún, orí kọ̀ǹpútà mi nìkan ni wọ́n wà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án tó kù ti wọ́ jọ sórí Adágún Ńlá, ìkẹta wọn, torí ibẹ̀ nìkan lomi kù sí. A rí wọn tí wọ́n fún mọ́ra, a ní wọ́n ń pọ̀ sí i.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn. Mo sunkún ní balùwẹ̀ ọ́fíìsì. Òpònú ni mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ó-Dọ̀la. Ó gbọ́ mi dópin, mo yìn ín fún ìyẹn. Ó ní ìwé àṣẹ ti dọ́wọ́ àwọn ọdẹ, ẹyin lohùn. Bí a bá yí i padà báyìí, ta ni yóò tún gbà wá gbọ́? A ó tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní, sà, ẹyẹ wo lọ́dún tó ń bọ̀? Mo kúnlẹ̀ — lójú akọ̀wé rẹ̀! Ó ní kí n dìde, kí n má dójú ti òun.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo pe olórí ọdẹ fúnra mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má pa mẹ́rin. Ó bọ̀wọ̀ fún mi. Ó ní lọ́dún tó kọjá a sọ pé méjì, inú bí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. "Ẹ ní mẹ́rin, ẹ tún ní rárá. Aǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀kan." Òótọ́ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ìbọn látàárọ̀. Mo ti fèrèsé. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Bàámi pè. Ó ní òun lòun fà á. Mo ní èmi ni. À ń du ẹ̀bi bí ẹni ń du ogún. Nígbà tó yá ó ní, "Ká ní mo mọ̀ pé òfìfo náà ṣeé kọ."

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Iye tí wọ́n pa ti dé: ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó-Dọ̀la pàtẹ́wọ́. "Ṣé o rí i? Bí ẹyẹ ò bá pọ̀, níbo ni wọ́n ti rí èyí pa?" Ó dá mi lágara.

Ọjọ́ Ajé, 24
Olórí ọdẹ pè mí láàárọ̀. Ó ní ó di ọjọ́ méjì tí ẹyẹ kan ò fò lórí Adágún Ńlá. Wọn ò bínú. Wọ́n gbà pé ìbọn ló lé wọn, wọ́n ti di ẹrù sínú ọkọ̀ láti tẹ̀ lé wọn. Kí n kàn bá wọn wo kọ̀ǹpútà: adágún wo ni wọ́n lọ?

Mo ní, "Bàbá, kò sí adágún míì."

Ó wá rọra sọ ọ́, bí ẹni ń bẹ ọmọdé, pé kí n tún un wò dáadáa.