Jago Kì í Ṣe Ajalèlókun

Kingston, ní Jamaika,
Oṣù Kọkànlá, ọdún 1720.

Ìyá Jago mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín púpọ̀ láti òkèèrè. Mo kí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín, mo kí ilé, mo kí Wenna ọmọ yín náà. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín lórí ìjókòó, kó má bá yín lórí àìsàn. Ara tèmi le, àfi ibà ilẹ̀ yìí tó ń wá tó ń lọ. Èmi Pascoe ni, ọmọ Trewin tó ń rán ìgbòkun lẹ́yìn ilé yín ní Polruan. Mo mọ̀ pé Wenna ni yóò kà á fún yín. Wenna, àbúrò mi, rọra kà á o. Bó bá dé ibi tí ohùn rẹ kò fẹ́ jáde mọ́, dúró, mu omi, kí o tó máa bá a lọ. Má fo ibì kankan.

Mo gbọ́ pé ìròyìn ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ yín, pé wọ́n so Jago kọ́ níbí gẹ́gẹ́ bí olè ojú òkun. Òótọ́ ni pé wọ́n so ó kọ́. Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run yóò tù yín nínú. Ṣùgbọ́n ọmọ yín kì í ṣe olè, kò sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣe é rí. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, ẹnu Jago fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ nínú túbú.

Ẹ rántí pé èmi àti Jago la jọ wọ ọkọ̀ òkun Prudence ní Bristol, òun gẹ́gẹ́ bíi káfíńtà, èmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń rán ìgbòkun. Silas Broad ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. N kò tíì rí ẹni tó rorò bẹ́ẹ̀ rí. Omi tó yẹ ká máa mu, ṣe ló ń tì í pa. Hicks, ará Devon kan, dùbúlẹ̀ àìsàn, Broad ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é, ó sì nà án títí tí Hicks kò fi dìde mọ́. Nítorí pé Jago fún Hicks ní omi tirẹ̀ mu kó tó kú, Broad ní kí wọ́n de Jago mọ́ òpó, ó sì fi pàṣán nà án títí ẹ̀wù fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi ni mo fi omi iyọ̀ bọ́ ẹ̀wù náà kúrò. Kò sunkún. Ó kàn ń sọ pé, "Pascoe, rọra ṣe é. Ẹ̀yìn mi nìyẹn, kì í ṣe ìgbòkun."

Ìgbà tí a sún mọ́ erékùṣù Hispaniola ni àwọn ajalèlókun ká wa mọ́. Ọkọ̀ wọn kéré, ó sì yára ju tiwa lọ, ìbọn ńláńlá kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A kò jà. Amos Gedge ni wọ́n ń pe olórí wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ tán. Òun náà ti jìyà lábẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ rí, nítorí náà, ọkọ̀ yòówù tó bá mú, ó máa ń bi àwọn atukọ̀ léèrè irú ẹni tí ọ̀gá wọn jẹ́. Wọ́n mú Broad kúnlẹ̀ níwájú wa. Gedge ní, "Ó yá, ẹ̀yin ọmọ ìyà! Ọ̀gá yín rèé. Lónìí, ẹ̀yin ni adájọ́. Ṣé èèyàn ni àbí ẹranko?"

Ni ariwo bá ta. "Ẹranko ni! Ó pa Hicks! Ẹ sọ ọ́ sómi!" Ẹnìkan ti ń wá okùn. Ìtọ̀ ti rin ṣòkòtò Broad. Jago ló bọ́ síwájú. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí Gedge kó lè rí àpá. Ó ní, "Ọ̀gá yìí ló ṣe èyí fún mi. Bí ẹnìkan bá wà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹ pa á, èmi ni. Mi ò fẹ́. Ẹ kó ẹrù yín, kí ẹ fi í sílẹ̀." Gedge bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo wòlíì! Ṣé bàbá ẹ ni?" Jago ní, "Ká ní bàbá mi ni, ǹ bá ti sá nílé tipẹ́." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, tiwa tiwọn, inú tó ń ru sì rọlẹ̀. Bí Broad ṣe rí ẹ̀mí rẹ̀ gbà nìyẹn.

Gedge wá ní, "Ọmọ yìí lẹ́nu. Kí niṣẹ́ ẹ?" Ẹnìkan dáhùn pé káfíńtà ni. Ìyá, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ọkọ̀ wọn ń jò, káfíńtà wọn sì ti kú. Wọ́n ní kó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n fi ẹnu ìbọn ti etí rẹ̀, ó gbé e. Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, ó kígbe sí Broad pé, "Ọ̀gá! Ẹ rí i pé wọ́n fipá mú mi ni o! Ẹ bá mi jẹ́rìí!" Broad ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Mo rí i, Jago Hosken. Bí mo bá ṣì wà láyé, mo máa jẹ́rìí ẹ." Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ.

Lọ́dọ̀ wọn, ihò ọkọ̀ ni Jago ń dí, kì í bá wọn gun ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti sún mọ́ ilẹ̀, wọn a de ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà sá. Kwaku ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ, ọkùnrin dúdú kan tó sá kúrò ní oko ìrèké. Kwaku a máa sọ fún un pé, "Torí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni mo ṣe sá. Wọ́n wá ní kí n máa fi de ẹlòmíì." Àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ogun ọba bá wọn nítòsí ilẹ̀, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni Jago wà, nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tí omi ń ya wọlé. Kwaku sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìbọn, ó tú u sílẹ̀ kó má baà kú sómi. Oore ni, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ogun wọlé, wọn kò bá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ Jago. Wọ́n kà á mọ́ àwọn tó kù.

Ní tiwa, àwọn ajalèlókun ti kó ẹrù wa, wọ́n sì fi ọkọ̀ wa sílẹ̀; a kò rí iṣẹ́ míì, nítorí náà a ṣì wà pẹ̀lú Broad. Ìgbà tí a tún kó ẹrù wá sí Kingston ni a gbọ́ pé wọ́n ti mú Gedge, àti pé Jago wà láàárín wọn. Ìyá, inú mi dùn gan-an. Mo ní ẹlẹ́rìí rẹ̀ ti dé.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, wọ́n pe Broad wá jẹ́rìí; aṣojú àwọn tó ni ọkọ̀ wa jókòó níwájú ní kóòtù. Bí Broad bá sọ òótọ́, yóò ní láti sọ ìdí tí àwọn atukọ̀ tirẹ̀ fi fẹ́ pa á, orúkọ Hicks yóò jáde, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Adájọ́ bi í bóyá wọ́n fipá mú Jago. Broad wo aṣojú náà, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mi ò rí ẹni tó fipá mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí rẹ̀." Jago kò pariwo. "Ọ̀gá" nìkan ló pè, bí ẹni tí ń jí èèyàn lójú oorun. Mo dìde, mo ní irọ́ ni. Adájọ́ bi mí, "Ọ̀rẹ́ ẹ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Jókòó." Kwaku ì bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ta òun àti àwọn dúdú yòókù padà sí oko kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan.

Wọ́n jẹ́ kí n rí i nínú túbú. Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀ pé ó gba Broad sílẹ̀. Ó ní, "Mo kábàámọ̀ ọ́n. Bí mo bá jí, òun ni mo kọ́kọ́ ń rò. Àmọ́ tí wọ́n bá tún bi mí, Pascoe, mi ò rò pé nǹkan míì máa jáde lẹ́nu mi." Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín pé òun kò lè padà wá tún òrùlé yín ṣe. Ó ní kí Wenna má fẹ́ atukọ̀.

Etí òkun ni wọ́n ti so wọ́n kọ́. Jago bẹ̀rù, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè. Ó rí mi, ó fi orí kí mi. Kò pẹ́, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Òfin ni pé etí omi tí ìgbì ń bò mọ́lẹ̀ ni kí wọ́n sin olè ojú òkun sí, kì í ṣe ilẹ̀ gbígbẹ. Mo ń wa ilẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Àwọn atukọ̀ Prudence ni, àwọn tó pariwo pé kí wọ́n pa Broad lọ́jọ́sí. Wọ́n gbé Jago, wọ́n rù ú gòkè sí ilẹ̀ gbígbẹ, lábẹ́ igi ńlá kan, ibẹ̀ la sì sin ín sí. Ọmọ ogun tó ń ṣọ́ wa kọ ojú sí òkun títí a fi ṣe tán.

Mo kúrò lábẹ́ Broad. Ó pàdé mi ní òpópónà, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mo níyàwó, Trewin. Mo lọ́mọ." Mo ní, "Jago ní ìyá." Mo já ọwọ́ mi gbà.

Ìyá, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ tún rí irú èyí mọ́. Yóò fún yín ní ẹni tí yóò máa tì yín lẹ́yìn, ẹ ó sì fojú yín rí ọmọ Wenna. Èmi náà wà bí mo bá délé láàyè.

Èmi ni ọ̀rẹ́ ọmọ yín, tó di ọmọ yín láti òní lọ,
Pascoe Trewin.

Mo tún rántí: àwọn kan lè ní kí ẹ kúrò ní ìjókòó yín ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá, ẹ má dìde.