Ẹni Tó Ń Dá Mi Lóhùn Lábẹ́ Máńgòrò

Olúwakáyọ̀dé ọmọ mi ní Àbújá,

Ìyá rẹ ní Egan ló ń kí ọ. Mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ bá gbà jáde láàárọ̀ náà ni ẹ ó gbà wọlé lálẹ́, láṣẹ Olúwa. Orúnkún mi ti rọ̀ díẹ̀. Ṣeunfúnmi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi kọ ọ́, torí ó pe nọ́ńbà rẹ títí, kò lọ.

Mo ti di òṣìṣẹ́ yunifásítì, má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣèwádìí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú àkùrọ̀ ẹ̀yìn ilé wa, wọ́n ní kò sówó níbẹ̀ ṣá, ìrànlọ́wọ́ lásán ni. Mo ní ta ló bèèrè owó? Ni ọmọbìnrin wọn, Miriam, bá so àpótí kékeré kan mọ́ igi máńgòrò, ó ní gbogbo ohun tó bá dún ló ń gbọ́ tó sì ń tọ́jú, kí n ṣáà máa bá àwọn nu eruku ara rẹ̀. Èmi wá rò ó pé ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹni ti di ará ilé, ni mo bá ń kí i láràárọ̀, mò ń bi í bóyá ó sùn dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, Miriam wá tan ohun tí àpótí gbọ́ fún wa. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké, èmi náà ń kí i. Ni àwọn ọ̀pọ̀lọ́ bá dákẹ́ lọ́lọ́, ohùn kan sì dá mi lóhùn pé, "A dúpẹ́, Àtọ́kẹ́." Inú mi dùn, àṣé ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ohùn àgbà ni, kì í ṣe ti bàbá yín, mo mọ ohùn ọkọ mi. Mo sì rò pé gbogbo ẹni tó ń pè mí ní Àtọ́kẹ́ ti kú tán ni.

Miriam ń làágùn. Ìyá aláṣọ funfun ilé kejì ní èèyàn kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Mo ní ìpè kọ́ nìyẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ kí i, àbí? Ohùn náà tún ní, "Káyọ̀dé ńkọ́?" Mo kọjú sí igi, mo ní o wà ní Kúbwà, ilé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí ilé epo. Miriam já àpótí rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ti parí, kò tiẹ̀ mu omi tí mo bù fún un.

Mo ṣì ń kí igi, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ò dákẹ́ mọ́. Ó jọ pé ẹni náà ti gbéra. Ṣeun ní òun ò fẹ́ kọ èyí, mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ jàre.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n ra àga sábẹ́ máńgòrò, kó lè rí ibi jókòó tó bá padà dé. Wà á dàgbà, wà á darúgbó, ọmọ tìẹ náà á gbọ́ tìẹ. Tó bá kí ọ lẹ́nu ọ̀nà, dá a lóhùn o. Má jẹ́ kó ní mi ò kọ́ ọ nílé.

Èmi ìyá rẹ ni.