Irùngbọ̀n Bàbá Rẹ

                                        Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Olórí Kíláàsì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń fi imú kọrin? Ìyá àwọn ọmọ mi ní kí n kí ọ kú iṣẹ́, kú àfaradà. Ara tiwa le, a dúpẹ́. Ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀.

Dá ẹrù tí ò ń dì láti wá wo bàbá rẹ yẹn dúró ná. Bàbá kò ṣàìsàn. Mo tún un sọ kí o lè mí: wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rìn, wọ́n ń bá rédíò jà. Ohun tó mú kí wọ́n máa bá ọ sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìjẹ́ kí o rí ojú wọn, èmi ni mo fà á. Irọ́ ni mo pa fún ọ nígbà tí mo ní kámẹ́rà fóònù wọn ti bàjẹ́. Mo ti fá irùngbọ̀n Bàbá.

Bẹ́ẹ̀ ni, irùngbọ̀n yẹn. Èyí tí ìyá rẹ máa ń fi òróró pa lórí ibùsùn àìsàn wọn, tí Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fá láti ọdún méjìlélógún tí ìyá rẹ ti ṣaláìsí.

O mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n máa ń wá sọ́dọ̀ mi. Kóòmù kékeré kan wà tí a máa ń kì bọ ẹnu kílípà, òun ni kì í jẹ́ kó gé irun dé awọ. Fún ẹ̀yìn ọrùn, mo máa ń yọ ọ́. Fún irùngbọ̀n, mo máa ń dá a padà, kí n kàn fi tún etí rẹ̀ ṣe. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lè ṣe é lójú oorun.

Lọ́jọ́ náà, fóònù mi gbọ̀n lórí pẹpẹ ìdí dígí. Ìwọ ni. Àwòrán ológbò tó wọ awò ojú, tí o ní ó jọ ọ̀gá ilé-ìwé wa. Mo rẹ́rìn-ín, mo fèsì. Mo tún wò ó, bóyá o ti rí èsì mi. O ò tíì rí i. Mo parí ẹ̀yìn ọrùn Bàbá, mo wá na ọwọ́ láti mú kóòmù, fóònù lọwọ́ mú. Mo wò ó, mo gbé e sílẹ̀, mo sì ti kílípà ẹlẹ́nu lásán bọ abẹ́ àgbọ̀n Bàbá. Mi ò dá ọ lẹ́bi o. Ológbò tìrẹ ni, ọwọ́ tèmi ni.

Irùngbọ̀n bọ́ sílẹ̀ bí ìdì òwú.

"Alábẹ, kí ló bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ yìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má mira."

"Mo ní kí ló bọ́?"

Kápẹ́ńtà kan wà tó ń dúró de àyè, tó ti tẹjú mọ́ fóònù tirẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé. Àsìkò yẹn gan-an ló wá gbójú sókè! Ó ní, "Yéè! Bàbá, ẹ dúró bẹ́ẹ̀ kí n yà yín." Bàbá ní, "Bí o bá yà mí, ìwọ àti nǹkan ọwọ́ ẹ lẹ ó jọ fọ́ lónìí."

Ẹ̀gbẹ́ kan ti lọ, ẹ̀gbẹ́ kan kù. Kí ni mo lè ṣe? Mo fá ìyókù. Bàbá kò bú mi, ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣa irun náà nílẹ̀ fúnra wọn, wọ́n dì í sínú áńkáṣíìfù. Wọ́n ní, "O ò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ mi." Wọ́n jáde.

Ọ̀rẹ́ mi, mo kórìíra fóònù yìí. Oníbàárà mi kò lórí tó dúró mọ́, gbogbo wọn ló dorí kodo lórí àga bí ẹni tí wọ́n ń bá wí. Màá ní kí wọ́n gbórí sókè, wọ́n á gbé e díẹ̀, á tún wálẹ̀. Ìyàwó mi ń yin kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé sí ọ́fíìsì wọn nílé ìwòsàn, ó ní fáìlì kì í sọnù mọ́. Mo ní òótọ́ ni, ojú aláìsàn nìkan ni ẹ ò rí mọ́. Ó bínú sí mi di ọjọ́ kejì. Bóyá mo ṣì í sọ. Ṣebí fóònù yìí náà ni Bàbá fi ń rí ọ. Àbí ìwà tèmi ló burú, tí mo wá ń ti ẹ̀bi sí irin lọ́rùn? Mi ò mọ̀ mọ́.

Lánàá mo lọ kí wọn. Bí mo ṣe máa ń fọwọ́ kan àpò mi láti wá fóònù ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan àgbọ̀n. Wọn ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n á tún fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Ta lo rí lójú mi?"

Mo ní, "Olórí Kíláàsì ni, sà. Àfi ewú tó wà lórí."

"Òun náà ni mo ń rí. Mo máa ń kí i nínú dígí láràárọ̀. Ìyá ẹ̀ ni mi ò mọ ohun tí màá sọ fún."

Nítorí náà, máa bọ̀. Má wá nítorí àìsàn, wá nítorí ojú yẹn. Tí o bá wọlé, fi fóònù sílẹ̀ nínú báàgì, jókòó síwájú wọn, kí wọ́n wò ọ́ tẹ́rùn. Jọ̀ọ́, má rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ obìnrin ló ń mú ìwé yìí bọ̀ lọ́la. Òun náà ti ṣèlérí fún Bàbá pé òun ò ní sọ̀rọ̀, kò kàn sọ pé òun ò ní gbé lẹ́tà. Èmi ni mo dalẹ̀, màá sì jẹ́wọ́ fún wọn fúnra mi.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì kí olórin onímú yẹn dáadáa.

Mo ti ti fóònù mi mọ́ inú àpótí tí mo ń kó àwọn abẹ tó ti kú sí. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, ọwọ́ mi ti lọ sápò lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

                                        Èmi náà ni, tìrẹ títí,
                                        Alábẹ